Ìwé Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Ìdáná Bàbá

Lọ́jọ́ kẹjọ tí a sin Bàbá Yésúfù, bàbá tó bí ìyá mi, àáfà dìde níwájú ilé wa ní Èmùré, ó ní kí gbogbo wa fi ti Bàbá ṣe àríkọ́gbọ́n. Ó ní ọkùnrin tó kó ara rẹ̀ níjàánu ni. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá fi pa àgbò Iléyá tí kò fi ẹyọ ẹran kan kan ẹnu, tó jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń pín fún aládùúgbò, nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Àwọn èèyàn ń ṣe "Àmín, àmín." Èmi ò lè jókòó. Mo dìde, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo padà wọlé, mo tún jáde. Ìyá mi ní, "Kí ló dé? Ṣé èèrà wọ̀ ọ́ láṣọ ni?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí Bàbá jẹran. Ìwé tí èmi kọ ni.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Wọ́n ti tẹ ìyẹn sínú ìwé pélébé tí wọ́n pín níbi sàráà, wọ́n tiẹ̀ ṣi ọdún tó wọṣẹ́ ìjọba kọ, ohun tí Bàbá ì bá bínú sí jù lọ láyé nìyẹn. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ ò bá mọ irú èèyàn tó jẹ́, ẹ ò ní mọ ohun tí ìwé lásán lè ṣe fún un.

Kókó ni Bàbá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yẹ̀ wò fún ìjọba. Bí àwọn àgbẹ̀ Èmùré, Ìsẹ̀ àti Ìkẹ́rẹ́ bá kó kókó wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà á, àpò kan kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò àfi tí Bàbá bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní irin oníhò kan tó máa ń tì bọ àpò lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, tí kókó á máa yọ jáde sí i lọ́wọ́. Á tò ó sórí pákó, á fi ọ̀bẹ kékeré kan là á sí méjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á máa wo inú rẹ̀. Àgbẹ̀ á ní, "Ẹ wo bó ṣe ń dán, bàbá! Ẹ wo bó ṣe pọ́n!" Bàbá kì í tiẹ̀ gbójú sókè. Kókó lè máa dán bíi bàtà ọdún kí inú rẹ̀ sì ti bu. Á ní, "Awọ kọ́ ni kókó."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Súlè, náà gbin kókó. Lọ́dún kan òjò pa kókó Bàbá Súlè lórí ẹní tí wọ́n sá a sí, kò dúró kó gbẹ, ó rọ ọ́ sínú àpò, ó kó o wá. Ó mọ̀ pé àbúrò òun ló wà níbẹ̀. Bàbá ti irin bọ̀ ọ́, ó là á, èbu ni. Ó ní kí wọ́n kó o padà sílé lọ sá. Lójú gbogbo àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀! Bàbá Súlè ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Yésúfù, èmi tí mo gbé ọ pọ̀n!" Bàbá ní, "Mo mọ̀ pé ẹ gbé mi pọ̀n. Kókó yín ni kò mọ̀." Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi bá ara wọn jẹun. Mọ́sáláṣí kan náà ni wọ́n ti ń kírun, ọ̀kan á dúró lápá ọ̀tún, ìkejì á lọ sí tòsì pátápátá. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, mo bi Bàbá pé àpò mẹ́ta péré, kí ló dé tí kò gbójú fò ó? Inú bí i sí mi. Ó ní, "Bí mo bá gba ti ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ọ̀bẹ mi ti kú nìyẹn."

Irú èèyàn yẹn, ẹ ò lè purọ́ fún un, ẹ ò sì lè bá a ṣeré pẹ̀lú ìwé. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀, Bàbá gbà á gbọ́ ju ẹnu èèyàn lọ. Bí wọ́n bá kọ "lẹ́yìn oúnjẹ" sára oògùn, tí wọ́n wá gbé ẹ̀kọ lásán fún un, á ní kí wọ́n gbé oògùn náà kúrò, ẹ̀kọ lásán kì í ṣe oúnjẹ. Mo bá a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ibẹ̀ pé, "Ẹ jókòó títí a ó fi pè yín." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan wọlé, wọn ò tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń pariwo, "Yésúfù! Yésúfù ọmọ Èmùré!" Bàbá jókòó gbọin. Omi ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀, kò dìde. Ó ní, "Máa bọ̀ níbí jàre, wọn ò tíì pè mí."

Ó dáa. Ìwé tèmi wá ńkọ́.

Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì n'Ìbàdàn nígbà yẹn, iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ń kọ́. Ẹ mọ bí ọmọ ọdún kejì ṣe máa ń rí: ó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, ó ti ń kọ́ gbogbo ayé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan wá sí Èmùré, wọ́n ń gún àgbàlagbà níka lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sọ fún Bàbá pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀, kó dín ọ̀rá kù. Dín kù ni wọ́n wí o. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ kọ lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ẹ̀rù bà mí. Ìgbéraga náà wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Mo mú páálí funfun, mo mú bíírò pupa, mo kọ ọ́ gàdàgbà: OHUN TÍ BÀBÁ KÒ GBỌDỌ̀ JẸ. Ẹran. Ẹyin. Ẹja. Wàrà. Mílíìkì. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ ọjọ́ sí i, mo fi ọ̀rá nylọ́ọ̀nù bò ó kí èéfín má bàa bà á jẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìdáná. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á láti òkè délẹ̀. Ẹyọ ìbéèrè kan ló bi mí. Ó ní, "Títí di ìgbà wo?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Títí láé, Bàbá!"

Mo wá lọ. Mo parí ẹ̀kọ́, mo lọ sìnlú lókè Ọya, mo ṣiṣẹ́ l'Ékòó fúngbà díẹ̀, kí n tó padà wá síṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Ìkẹ́rẹ́. Mo ti gbàgbé ìwé náà pátápátá. Bí mo bá wá sílé lọ́dún Iléyá, Bàbá á mú ẹran inú àwo tirẹ̀, á kó o sínú tèmi. Á ní, "Gbà, Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ṣì ń dàgbà." Oríkì mi ni Àbẹ̀kẹ́, òun nìkan ló ń fi pè mí. Mo ti lé ní ọmọ ogún ọdún dáadáa, mi ò dàgbà síbì kankan mọ́. Mo jẹ ẹ́ o. Mo ń họ egungun rẹ̀ jẹ, mo ń rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni, ìwé náà sì ni.

Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé ni Àǹtí Síkírá, àbúrò ìyá mi, tí ọkọ rẹ̀ kú tó sì padà sílé bàbá rẹ̀. Àǹtí Síkírá fi ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀ fún Bàbá: ẹ̀fọ́, epo, iyọ̀ díẹ̀, ó tán. Iyán àti ẹ̀fọ́ lásán, iṣu àti epo, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí àlejò bá bu ẹja sí i lọ́bẹ̀, Bàbá á fi ìka ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ará mọ́sáláṣí ń sọ ọ́ káàkiri pé ẹ̀mí rẹ̀ ti ga, ó ti kúrò nídìí nǹkan ayé. Ẹ ò rí ayé.

Ìgbàgbé tó wá dé bá Bàbá kò já wọlé lójijì. Bàbá ni ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò wa, òun ló ń pe ìrun. Lọ́jọ́ kan ó pe ìrun Àìlá, wọ́n kí i tán, àwọn èèyàn ti tú ká, ó tún dìde, ó tún pè é. Àwọn kan sáré padà wá, wọ́n rò pé ẹnì kan ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn, bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́nà, kò ní mọ̀, á dé ilé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ahọ́n rẹ̀ pọ́n, ó ń dán, ó ní ata ń ta òun kí ata tó kan ẹnu rẹ̀. Ó wá ń bínú sódì, ọkùnrin tí kì í pariwo tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo wá kí i lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wò mí títí, ó yíjú sí Àǹtí Síkírá. Ó ní, "Ta ni ọmọ yìí? Ta ló bí i?"

Mi ò sunkún níbẹ̀. Mo dé inú mọ́tò kí n tó sun ún. Awakọ̀ bi mí bóyá mo ṣòfò ni, mo ní rárá, àmọ́ bó ṣe rí lára mi náà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Múfú, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Èkó, pe ìpàdé lórí fóònù. Ó ní arán ni, arán kì í gbóògùn, òun á gbé Bàbá lọ s'Ékòó, sínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilẹ̀kùn á wà ní títì kó má bàa sọnù. Kì í ṣe ìkà ni Dádì Èkó. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ẹ ò bá gbọ́ ohùn Bàbá nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ gba abẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ fi mí sínú ulé mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi mí sínú ulé mi." Bàbá tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni! Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Dádì Èkó ní ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ni arán wà? Mo ní mi ò mọ̀, ìdí tí mo fi fẹ́ wò ó nìyẹn. Ó ní ó dáa, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò.

Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ arúgbó ṣe. Kò mọ̀ mí dáadáa láàárọ̀ yẹn, àmọ́ ó mọ̀ pé ọmọ ilé ni mí. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, àwọn ọmọ yín ní arán lẹ ń ṣe. Awọ ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ kí n là á wò." Nígbà tó yá, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó sì na apá ọ̀tún sí mi. Ó ń wo abẹ́rẹ́ náà bí ẹni ń wo irin rẹ̀ àtijọ́.

"Ibì kan ṣoṣo?"

"Ibì kan ṣoṣo, Bàbá."

"O ò ní mú láti ìsàlẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àpò kókó. Ó ń yí kiri ni. Tòkè náà ni tìsàlẹ̀."

Ó mi orí, ó yẹ́ ẹ sí. Ó ní, "Ìyẹn dára. Kò sẹ́ni tó lè kó rere sókè kó fi búburú pamọ́ sísàlẹ̀."

Ohun tí mo ń wá kò ṣòroó ṣàlàyé. Ohun tí a bá jẹ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé dé orí ni ọpọlọ ń lò. Ìgbàgbé kan wà tí ẹ̀jẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, tí àyẹ̀wò kò ní rí. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó jẹ́ pé nǹkan kan ló tán lára, bí a bá sì dá a padà lásìkò, èèyàn lè padà. Kí a tó pe èèyàn ní arán, ó yẹ kí a mọ èwo ni. Ìgò kékeré mẹ́ta ni mo gbà. Mo fẹ́ ṣe ọ̀kan fúnra mi ní Ìkẹ́rẹ́. A kó méjì yòókù sínú kúlà oníyìnyín, wọ́n wọ mọ́tò lọ s'Íbàdàn, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń wọn fítámì inú ẹ̀jẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kejì, Túsìdé, mo fi ojú sí maikirosíkóòpù. Mo wò ó, mo gbójú kúrò, mo tún wò ó. Ẹ̀jẹ̀ pupa Bàbá kò pọ̀, àwọn tó wà sì tóbi ju bó ti yẹ lọ, wọ́n wú bí ẹ̀wà tó sùn sínú omi. Mo mọ ohun tó máa ń fa irú rẹ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni àìsí fítámì B12. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni èèyàn ti ń rí i. Kò sí nínú iṣu, kò sí nínú ẹ̀fọ́. Ara a máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi hàn kíákíá. Bó bá wá tán, ẹ̀jẹ̀ á bàjẹ́, ẹsẹ̀ á kú, orí á ṣókùnkùn. Mo ń bi ara mi pé, báwo? Bàbá tó ń pa àgbò lọ́dọọdún? Mo tẹ Àǹtí Síkírá láago.

"Àǹtí, kí ni Bàbá ń jẹ?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ohun tó wà nínú ìwé rẹ ni."

"Ìwé wo?"

"Háà, Rófíátù. Ìwé rẹ tó wà ní ìdáná."

N ò mọ bí mo ṣe dé Èmùré lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo wọ ìdáná. Ó ṣì wà níbẹ̀. Èéfín ti sọ nylọ́ọ̀nù náà di dúdú, àmọ́ ẹnì kan ti ń fi aṣọ nù ún láti ìgbà dé ìgbà kí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lè máa hàn. Ta ló tún máa jẹ́? Mo ka ọwọ́ ìkọ̀wé ara mi: KÒ GBỌDỌ̀. Mo na ọwọ́ sí igun ìwé náà. Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo lè ya á, kí n fún Bàbá ní abẹ́rẹ́ jẹ́jẹ́, kí ara rẹ̀ yá, kí gbogbo wọn gbé mi gẹ̀gẹ̀ pé èmi ni mo wo Bàbá sàn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Nínú pálọ̀ mo ń gbọ́ ikọ́ Bàbá. Mo rántí Bàbá Súlè àti àpò kókó mẹ́ta. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, ìyà ló jẹ mí.

Láti Túsìdé yẹn dé Fúráìdé, mi ò jókòó jẹun. Mo ń fọ ìgò tí mo ti fọ̀. Mo ń ka ìwé ara ògiri ilé iṣẹ́ wa bí ẹni tí kò rí i rí. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni èsì Ìbàdàn wọlé: ṣúgà rẹ̀ dára, gbogbo nǹkan yòókù dára, B12 rẹ̀ ló ti gbẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá.

Sátidé, Dádì Èkó dé pẹ̀lú mọ́tò, ó ti tẹ́ tìmùtìmù sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìyá mi wá láti Ìkẹ́rẹ́. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ka èsì náà, mo ṣàlàyé. Dádì Èkó ní, "Ṣùgbọ́n kí ló fà á? Ta ló ní kó má jẹran?" Mo lọ sí ìdáná, mo yọ ìwé náà lára ògiri, mo gbé e sórí tábìlì. Mo ní, "Èmi ni."

Dádì Èkó gbé e, ó kà á. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ìwọ! Ìwọ tí a ń pè ní dókítà ilé! O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi, Rófíátù, o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á!" Òótọ́ ló sọ. Ìyá mi ti ń sunkún, ó ń ní, "Ọmọdé ni, ọmọdé ni," èyí sì tún dùn mí ju igbe Dádì Èkó lọ. Ibẹ̀ ni Bàbá ti na ọwọ́, ó gba ìwé náà. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́, ohùn tí a kò ti gbọ́ fún oṣù mélòó kan.

"Múfú, fi í sílẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi gé kókó wò, mi ò gé ùwé yìí wò."

Dádì Èkó jókòó. Lẹ́yìn tó ti fi ọwọ́ pa ojú fún ìgbà pípẹ́, ó ní oṣù mẹ́ta lòun fún wa. Bí kò bá yàtọ̀, òun ń gbé e lọ. Ó padà s'Ékòó lọ́jọ́ kejì, tìmùtìmù ṣì wà lẹ́yìn mọ́tò.

Dókítà ní Ìkẹ́rẹ́ kọ abẹ́rẹ́ fún un, ọjọ́ méjì-méjì lákọ̀ọ́kọ́, kó tó di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó tó di oṣooṣù. Ó kìlọ̀ fún mi pé ohun tó ti bàjẹ́ pẹ́ lè má padà. Ó sì ní kí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin àti ẹja. Ẹ gbọ́ ẹ̀rín! Àǹtí Síkírá se ẹyin, ó bó o, Bàbá ò jẹ. Ó ní kò sí àṣẹ. Mo ní, "Bàbá, èmi tí mo kọ ọ́ ni mo ní kí ẹ jẹ ẹ́." Ó ní, "Ẹnu nìyẹn." Àfi ìgbà tí mo wá páálí mìíràn, mo kọ ọ́: OHUN TÍ BÀBÁ GBỌDỌ̀ JẸ. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ ọjọ́ sí i. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó wò mí lórí awò ojú. Ó ní, "Lórí kí ni o gbé èyí kà?" Mo gbé èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún un, mo tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ṣàlàyé. A pẹ́ lórí rẹ̀ tí ẹyin fi tutù. Ó ti ń kọ́ láti gé ìwé wò. Lẹ́yìn náà ló bu ẹyin náà jẹ, ó rọra ń jẹ ẹ́, ó di ojú. Mo fẹ́ ya ìwé àtijọ́ jù sínú iná, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ká a sápò agbádá. Ó ní, "Fi sílẹ̀. Mo ṣì ń lò ó."

Mo rò pé ó fẹ́ fi bá mi wí lọ́jọ́ iwájú ni.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ kan, iṣẹ́ pọ̀ lórí tábìlì mi, àwọn èèyàn ń tò dé ìta, fóònù mi dún. Nọ́ńbà Àǹtí Síkírá. Mo gbé e, ohùn Bàbá ni mo gbọ́.

"Àbẹ̀kẹ́?"

"Ẹ̀ẹn, Bàbá? Ṣé kò sí o?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó pa á.

Mo tẹ̀ ẹ́ padà, wọn ò gbé e. Inú bí mi. Mo ní arúgbó yìí kò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́, mo ti ro ikú, mo ti ro ìṣubú, òun sì kàn ń ṣeré. Mo pe Àǹtí Síkírá nírọ̀lẹ́. Ó ní Bàbá ló gba fóònù lọ́wọ́ òun, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Dádì Èkó dé. Bàbá wà níwájú ilé, lórí ìjókòó. Ó kí i, ó fi oríkì rẹ̀ kì í, ó bi í léèrè ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, dé orí àbígbẹ̀yìn tó jẹ́ pé àwa náà máa ń gbàgbé. Dádì Èkó padà sínú mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé tìmùtìmù náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí àga Bàbá.

Mi ò ní sọ pé gbogbo nǹkan padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí ó fi lọ. Ìrun Àlàásárì nìkan ni wọ́n dá padà fún un láti máa pè, ẹnì kan á sì dúró tì í. Ọjọ́ ìsìnkú ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, nù mọ́ ọn lórí pátápátá. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan á bi wá pé ṣé kò tíì tọjà dé. Bí mo bá wà níbẹ̀ tó bi irú ìbéèrè yẹn, mo máa ń dìde, mo máa ń wá nǹkan ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ ẹni tó gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ inú ulé rẹ̀ ló wà. Ó kírun Àsùbáà tán lórí ẹní rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó lọ. Ó mọ gbogbo wa lórúkọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Lọ́jọ́ tí àáfà wàásù náà, lẹ́yìn tí àlejò ti lọ, Àǹtí Síkírá gbé àpótí kékeré kan fún mi. Ó ní Bàbá ní kí wọ́n fún mi. Ọ̀bẹ kókó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó fi aṣọ wé e. Lábẹ́ rẹ̀ ni páálí kan tí wọ́n ká. Mo tú u. OHUN TÍ BÀBÁ KÒ GBỌDỌ̀ JẸ. Mo fẹ́ gbé e jù sílẹ̀. Àǹtí Síkírá ní, "Yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò."

Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, lẹ́tà kéékèèké, ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Àràárọ̀ ni ó ń jókòó, tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, tó sì ń fún ara rẹ̀ ní máàkì nísàlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe fún kókó. Ọjọ́ àkọ́kọ́: Múfú. Síkírá. Sàlámátù, ìyá mi nìyẹn. Lẹ́yìn wọn, ó kọ: ọmọ tó kọ ìwé yìí. Nísàlẹ̀: kò kúnjú ìwọ̀n. Ọjọ́ kejì, orúkọ márùn-ún, àti ọmọ tó kọ ìwé yìí. Kò kúnjú ìwọ̀n. Ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, orúkọ ń pọ̀ sí i, mẹ́jọ, mẹ́wàá, àwọn ọmọ Dádì Èkó ń padà wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi nìkan ni mi ò ní orúkọ. Ọmọ tó kọ ìwé yìí. Ọmọ tó kọ ìwé yìí. Mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, mi ò rí orúkọ mi.

Ìlà kan wà tó jẹ́ ti ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ keje. Orúkọ gbogbo wọn pé. Ní ìparí rẹ̀ ó kọ Àbẹ̀kẹ́, ó sì fi àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀. Kò dá a lójú. Lẹ́yìn náà ó fi pẹ́ńsù pa àmì ìbéèrè náà rẹ́, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀, ó sì fa ìlà sí i lábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: ó kúnjú ìwọ̀n.

Àárín àmì ìbéèrè náà àti ìlà yẹn ni ó gba fóònù lọ́wọ́ Àǹtí Síkírá. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ pọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé e. Àmọ́ mo gbé e. Ó pe orúkọ náà, mo sì jẹ́ ẹ.